Ìgò Tí Bàbá Ẹyọkan Jókòó Lé

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí gbogbo ilé iṣẹ́ mọ̀. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá àgbà ilé ìwádìí ẹ̀jẹ̀ kó àlejò méje wá wo ẹ̀rọ tuntun, Bàbá Ẹyọkan gun àpótí ìtìsẹ̀, ó tẹ́ tìmùtìmù rẹ̀ sórí ìdérí fírísà tó tóbi jù, ó jókòó lé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ búrẹ́dì.

Fírísà yìí kì í ṣe irú èyí tí à ń kó ẹja sí. Ìkòkò irin ńlá ni, tí naitirójìn olómi wà nísàlẹ̀ rẹ̀, tó tutù débi pé ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwọ ìbọ̀wọ́ yóò kábàámọ̀. Inú rẹ̀ ni wọ́n ń tọ́jú mùdùnmúdùn eegun àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń bá jà sí, nínú àwọn ìgò tí kò tóbi ju ọmọ ìka lọ. Bàbá Ẹyọkan ló ti ń ṣọ́ ọ láti ọdún mẹ́tàlélógún.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀," ọ̀gá àgbà wí, ó ń rẹ́rìn-ín sí àwọn àlejò. "Ìgò nọ́ńbà ogójì la fẹ́ mú."

"Ìbàdí ń dùn mí, sà."

"Ṣé orí fírísà ni wọ́n ti ń tọ́jú ìbàdí?"

"Ó tutù. Ó bá mi lára mu."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi ni ọ̀gá ibí?"

"Mo mọ̀, sà. Mo kí yín láàárọ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wúkọ́. Bàbá gbé búrẹ́dì ẹnu rẹ̀ mì, ó wá béèrè pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ìgò náà ṣe. Ọ̀gá ní àwọn kàn fẹ́ fi han àwọn àlejò bí ẹ̀rọ ṣe ń ka ẹ̀jẹ̀ ni.

"Àfihàn lásán, sà?"

"Àfihàn ni."

"Ẹ̀jẹ̀ wà lára ẹ̀yin náà, sà. Ó ṣì gbóná pàápàá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká apá aṣọ yín sókè."

Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé ara ètò ni. Kí ni ọ̀gá fẹ́ ṣe? Ó ká apá aṣọ. Ẹ̀rọ ka ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó fi àwọ̀ pupa àti àwọ̀ búlúù yà á sára ògiri, ó sì wu àwọn àlejò débi pé mẹ́fà nínú wọn fi òwú mọ́ apá lọ sílé. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀gá ti ń sọ pé òun lòun dá ọgbọ́n yẹn.

Ìgò mẹ́wàá ni nọ́ńbà ogójì nígbà kan rí. Tíṣà ìṣirò kan ló ni ín. Lọ́jọ́ tí wọ́n fa mùdùnmúdùn náà jáde ní eegun ìbàdí rẹ̀, ẹni tó yẹ kó lọ gbé e kò tètè dé, ni Bàbá bá gbé àpótí tútù lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀. Tíṣà wò ó bí ẹni ń wo ọmọ ilé ìwé tí kò ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní, "Ẹ má fi ṣòfò o." Bàbá ní, "Kò ní ṣòfò, mà." Tíṣà kò rí òpin sáà yẹn.

Ó sì ṣòfò. Ẹ̀rọ kan kọṣẹ́, ìgò méjì bá a lọ. Ọ̀mọ̀wé kan da nọ́ńbà pọ̀ mọ́ra, mẹ́ta lọ níbẹ̀. Ọ̀kan já bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń dáhùn fóònù. Mẹ́ta mìíràn di ìwé tí ẹni tó kọ ọ́ nìkan ló kà á. Nígbà tó ku ìgò kan ṣoṣo, Bàbá di ahun.

Bí ẹ bá béèrè ìgò méjì lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ní, "Ẹyọkan." Bí ẹ bá béèrè mẹ́wàá, yóò bi yín bóyá ẹ fẹ́ fi gbin oko ni, yóò wá ní, "Ẹyọkan." Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àwa tí a ti pẹ́ níbẹ̀ mọ̀ pé márùn-ún lèèyàn ń béèrè, kí dúnàá-dúrà lè rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé kan dé, olóòótọ́ èèyàn, ó béèrè ẹyọ kan nítorí pé ẹyọ kan ló nílò. Bàbá wò ó títí. Kò sí ohun tó kéré sí ẹyọ kan tó lè fún un, ni ọkùnrin náà bá padà lọ́wọ́ òfo.

Wọ́n ní ilé rẹ̀ gan-an kò yàtọ̀. Ó fi rẹ́jísítà sẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, ó ní kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí i kọ ọjọ́, ohun tó mú, àti ète. Ìyàwó rẹ̀ kọ ọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan. "Ète: ebi." "Ète: ebi ọkọ mi." Nígbà tó di ọjọ́ kẹjọ, ó bu oúnjẹ fún Bàbá, Bàbá ní kó fi ẹran mẹ́ta sí i. Ìyàwó ní, "Ẹyọkan." Rẹ́jísítà kúrò nílé lọ́jọ́ náà.

Ẹ má rò pé kò mọ ohun tó ń ṣọ́. Àwọn ọ̀mọ̀wé máa ń fi wákàtí kan ṣàlàyé fún àwọn àlejò, àwọn àlejò á sì máa tòògbé. Bàbá á ní kí wọ́n fún òun ní ìṣẹ́jú méjì.

"Ẹ̀jẹ̀ yín ní ìyá," ni yóò wí. "Inú eegun ló ń gbé. Nínú ẹgbàárùn-ún sẹ́ẹ̀lì, ẹ lè má rí ju ẹyọkan rẹ̀ lọ. Òun ló ń bí gbogbo ẹ̀jẹ̀ yòókù. Tí ìyá yẹn bá wá ya ìyákúyà, ọmọ burúkú ló máa bí kún ilé. Òògùn á wọlé, á lé gbogbo ọmọ tó wà ní pálọ̀. Ìyá ń sùn ní yàrá ẹ̀yìn. Tí òògùn bá ti lọ, á jí, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ. Iṣẹ́ wa níbí ni ká mọ̀ ọ́n níbi tó sùn sí."

Bí wọ́n bá bi í pé ta ló ṣàwárí èyí, yóò rọra wúkọ́. "A jọ ń ṣe é ni."

Dókítà obìnrin kan wá dé, tó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí ìyá yìí. Òògùn kò ran tíṣà rárá, nítorí náà, bí sẹ́ẹ̀lì tó ń sùn bá wà níbì kan, á wà nínú ìgò ogójì. Ó béèrè. Bàbá kọ̀, ó ní kó lọ fi òmíràn kọ́ ọwọ́ ná. Dókítà fẹjọ́ sùn, ọ̀gá àgbà sì kọ lẹ́tà. Bàbá ka lẹ́tà náà, ó ká a, ó tì í bọ inú ìgò, ó fún un ní nọ́ńbà, ó sì sọ ọ́ sínú fírísà. Ó wà níbẹ̀ títí dòní, kò tíì bàjẹ́.

Dókítà wá, ó ń sunkún.

"Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran," Bàbá wí. "Ìgò tí mo fún ọ lọ́sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?"

"Ó kú, Bàbá. Mo yọ́ ọ pẹ́ jù."

"O rí i fúnra rẹ."

Ọdún kan àti oṣù méjì kọjá kó tó padà wá. Ó ti fi ìgò méjìlá mìíràn kọ́ ọwọ́. Orí ìdérí ni Bàbá wà, lórí tìmùtìmù.

"Tí iná bá lọ ńkọ́?"

"Bátìrì wà."

"Tí ọwọ́ rẹ bá gbọ̀n?"

"Ẹnìkejì mi á dúró tì mí."

"Tó bá já sí òfo?"

Dókítà ní, "Á já sí òfo, Bàbá. Ṣùgbọ́n màá lè sọ ohun tó fà á."

Bàbá sọ̀ kalẹ̀. Ó gbé ìgò náà fún un, kò bá a ná an. "Tíṣà ló ni ín," ó wí. "Ó ní ká má fi ṣòfò."

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá dókítà, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń kọjá pé kí wọ́n rọra rìn. Lọ́jọ́ kẹrin, dókítà pè é wọlé pé kó wá wo inú maikirosíkóòpù. Láàárín ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì tó ti kú, ọ̀kan ń tàn bí iná kékeré.

"Òun nìyẹn, Bàbá. Òun ló ń sùn."

Bàbá wò ó, kò fẹ́ gbójú kúrò. "Ó mà kéré o," ó wí, "pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí." Ó wá nu ojú, ó ní awò náà ló ń ta òun lójú.

Kì í ṣe ìwòsàn ni wọ́n rí o, àmì tí wọ́n fi ń dá a mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ìgò tíṣà kò ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ ìbàdí yẹn ńkọ́? Òótọ́ ni. Gbogbo wa rò pé àwáwí ni, àfi ìgbà tí àwọn oníṣẹ́ abẹ yọ oríkèé ìbàdí náà, tí wọ́n sì fi irin rọ́pò rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé e wọlé, Bàbá ti mú kí dókítà oníṣẹ́ abẹ fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé mùdùnmúdùn inú eegun náà kò gbọdọ̀ bá pàǹtí lọ. Ìgò mẹ́jọ ló kún. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ nọ́ńbà sí wọn lára, pẹ̀lú ọ̀pá lábíyá.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà ló kú, ní ìrọ̀lẹ́, lórí àga rẹ̀, lẹ́yìn tó ti jẹ ẹran kan. Ó dùn wá. A kò mọ bí yàrá yẹn ṣe fẹ̀ tó títí tí kò fi sí níbẹ̀ mọ́.

Láìpẹ́ yìí, dókítà nílò mùdùnmúdùn àgbàlagbà tí kò ní àrùn, kó fi wé ti aláìsàn. Ó wọ yàrá fírísà lọ. Tìmùtìmù wà lórí ìdérí síbẹ̀, nítorí kò sẹ́ni tó láyà láti gbé e kúrò. Ó ṣí rẹ́jísítà, ó sì rí ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ̀. Ẹni tó ni ín: olóríkunkun. Àrùn: kò sí. Ète: ẹ má fi ṣòfò.

Dókítà bojú wẹ̀yìn. Òun nìkan ló wà níbẹ̀.

"Bàbá," ó wí sókè, "mo fẹ́ márùn-ún."

Ó dúró díẹ̀, ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń gbé búrẹ́dì mì. Lẹ́yìn náà ó gbé tìmùtìmù kúrò, ó ṣí ìdérí, ó sì mú ẹyọkan.