Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì Màmá Píìnì

Màmá Píìnì ni gbogbo èèyàn ń pè é, ọdún kẹrìndínlógún sì nìyí tó ti ń ránṣọ nínú yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé ìwòsàn ńlá.

Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá níta nìkan lèèyàn sì ń rí láti ibẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ mẹ́ta ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti kú. Ohun tí wọ́n ń gbé wá fún wọn kì í yí padà: aṣọ ibùsùn tó ya, aṣọ iṣẹ́ abẹ tí okùn rẹ̀ já, kóòtù dókítà tí bọ́tìnnì rẹ̀ ti re ibi àgbà ń rè. Ọkùnrin gígùn kan tí wọ́n ń pè ní Gàgàrà ní í gé aṣọ, Màmá Píìnì ní í rán an.

Ètè ló ti rí orúkọ rẹ̀. Ètè ló máa ń fi há píìnì, mẹ́fà tàbí méje lẹ́ẹ̀kan, ní apá òsì, á wá máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń fi wọ́n di etí aṣọ mú. Ó lè bú ọ, ó lè fi ọ́ rẹ́rìn-ín, ẹyọ kan ò ní já bọ́.

Nítorí náà, nígbà tí egbò yọ sí i lẹ́nu, kò sẹ́ni tó wá ìdí rẹ̀ lọ sí ọ̀nà jíjìn. Inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló wà, nísàlẹ̀, níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti pàdé ẹran eyín. Ó kọ́kọ́ funfun bí ibi tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kùn. Nígbà tó yá, ó là láàárín, ó pọ́n. Píìnì ló gún un. Gbogbo aránṣọ ló mọ̀ pé píìnì a máa gún ni, pé omi iyọ̀ sì ni oògùn rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ kẹrin, ó ti jinná.

Ọjọ́ mẹ́rin di ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ó gbé píìnì lọ sí apá ọ̀tún. Egbò ò kúrò lápá òsì.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, Gàgàrà fi sísọ́ọ̀sì lélẹ̀.

“Màmá, ẹ̀yin àti píìnì yìí, ẹ kọ ara yín sílẹ̀ jàre. Ṣé ọkọ tó ń gúnni lèèyàn á máa bá gbé?”

“Ìwọ tí o ò ní ìyàwó, kí lo mọ̀ nípa ọkọ?”

“Mo mọ̀ pé apá kan lẹ fi ń jẹun. Búrẹ́dì lásán, ẹ̀ ń tì í kiri lẹ́nu bí ẹni ń ti ọkọ̀ tó kú.”

Màmá rán tìmùtìmù kékeré kan, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́, ó wá ń gún píìnì sára rẹ̀. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Kò sí píìnì lẹ́nu mọ́, egbò ṣì wà lẹ́nu.

Ó mọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti mọ̀. Ètè ni píìnì ń dé, kì í dé ibi tí egbò wà. Aáṣáà ló ń dé ibẹ̀.

Nígbà tó di ọmọ ọdún mọ́kànlélógójì, ìju, kókó inú ilé ọmọ, mú un. Wọ́n yọ ilé ọmọ, wọ́n yọ ilé ẹyin méjèèjì mọ́ ọn. Láti ọjọ́ náà, nǹkan oṣù ò wá mọ́, ooru ló wá dípò rẹ̀. Yóò jókòó nídìí ẹ̀rọ, ooru á ṣàdédé sọ lára rẹ̀, òógùn á bo ojú rẹ̀ débi tí kò ní rí ojú abẹ́rẹ́. Oorun sá lóru, ó wá ń kùn ún lọ́sàn-án. Ẹnu rẹ̀ gbẹ bí ẹni pé ó gbé òwú há a. Obìnrin kan tó ń fọ aṣọ ní yàrá kejì ló fún un ní tábà lílọ̀, ó ní, “Fi díẹ̀ há ẹ̀rẹ̀kẹ́. Itọ́ á wá, ojú á là.”

Itọ́ wá, ojú là. Ẹ̀ẹ̀kan láàárọ̀ di ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejì di ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Lópin ọ̀sẹ̀, ó ń fi ife ọtí líle kan lé e, kó lè sùn. Obìnrin afọṣọ náà fẹ̀yìn tì, ó lọ. Aáṣáà ò bá a lọ.

Kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹni tí kò gbọ́dọ̀ mọ̀ jù lọ ni àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, tó ń kọ́ àwọn ọmọdé níwèé. Ọdún márùn-ún sẹ́yìn, ọmọ yìí mú ọkùnrin kan wálé. Fíríìjì ni ọkùnrin náà ń tún ṣe. Ó mọ̀wàá hù, ọwọ́ rẹ̀ mọ́, àmọ́ ó ń mu sìgá. Màmá fárí gá. Ó ní ẹlẹ́nu tábà kankan ò ní fẹ́ ọmọ òun. Kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọkùnrin náà máa lọ. Lọ́jọ́ tó lọ, Màmá wọ balùwẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó bu aáṣáà sẹ́nu.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, dókítà eyín kan sọ̀ kalẹ̀ wá sí yàrá ìránṣọ. Obìnrin ni, kò ju ẹgbẹ́ ọmọ Màmá lọ. Àpò kóòtù rẹ̀ ló ya. Bó ṣe ń dúró de kóòtù, ó rí i tí Màmá ń fi apá kan mu tíì.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lanu.”

Ó fa iná ẹ̀rọ ìránṣọ sún mọ́ ọn, ó wò ó.

“Ẹ gòkè wá lọ́la, aago mẹ́sàn-án. Ẹ mú èèyàn kan dání.”

Ọmọ rẹ̀ gbàyè níbi iṣẹ́, ó bá a lọ. Lọ́nà, Màmá sọ fún un pé píìnì ló gún òun, kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ.

Dókítà tẹ àga sẹ́yìn, ó fi ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ yẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ wò, ó tẹ abẹ́ àgbọ̀n, ó tẹ ọrùn. Lẹ́yìn náà ló mú ìwé.

“Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?”

Màmá wo ọmọ rẹ̀. “Bí ọ̀sẹ̀ méjì. Píìnì ni.”

“Ẹ̀ ń mu sìgá?”

Ọmọ rẹ̀ ló dáhùn. “Màmi kẹ̀? Dókítà, tẹ́nì kan bá mu sìgá gba iwájú ilé wa kọjá, fèrèsé ni wọ́n máa tì.”

“Ọtí ńkọ́?”

“Díẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀.” Ọmọ rẹ̀ yíjú wò ó.

“Ìgbà wo ni nǹkan oṣù yín dúró?”

“Dókítà, ẹnu ni mo gbé wá o. Ibi tẹ́ ẹ̀ ń bèèrè yẹn, ọkọ̀ méjì lèèyàn á wọ̀ débẹ̀.”

Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Ó jìnnà lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ kan náà ló ń dé méjèèjì. Họ́mónù tí ilé ẹyin ń ṣe, ẹnu náà ń lò nínú ẹ̀. Tó bá tètè tán, ẹnu lè máa gbẹ, awọ inú ẹ̀ lè fẹ́lẹ́. Àwọn kan tó ṣèwádìí sọ pé ó jọ pé àwọn obìnrin tí nǹkan oṣù wọn tètè dúró ni jẹjẹrẹ ẹnu máa ń mú jù. Ẹnu wọn ò tíì kò lórí ìyẹn. Èyí tí gbogbo wọn gbà pé ó ń fà á ni tábà àti ọtí. Tí méjèèjì bá pàdé lẹ́nu ẹnì kan, ó burú ju kí ọ̀kan dá wà.”

Ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ yẹn dúró láàárín yàrá. Dókítà ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

“Kì í ṣe sìgá nìkan ni tábà o. Èyí tí wọ́n ń fín símú, èyí tí wọ́n ń fi há ẹ̀rẹ̀kẹ́, ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀. Ẹ̀ ń lò ó?”

“Rárá.”

Dókítà wò ó. “Ó dáa. Tó bá jẹ́ píìnì, tí ò sì ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, mi ò ní gé nǹkan kan lónìí. Ẹ máa fi omi iyọ̀ yọ ẹnu. Tí ò bá jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì sí i, ẹ padà wá, ká gé bíńtín níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò.”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ̀wé.

Ìlẹ̀kùn àti máa lọ ti ṣí. Ọmọ rẹ̀ á dì í lọ́wọ́ mú sọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn. Ọ̀sẹ̀ méjì á tún lọ. Egbò náà á sì máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ, kò ní gbàyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó rẹ Màmá. Egbò ò rẹ̀ ẹ́ tó fífi nǹkan pa mọ́: balùwẹ̀ títì, ẹnu yíyọ kó tó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, rírẹ́rìn-ín láìlanu. Gbogbo rẹ̀ ti sú u.

“Dókítà, ẹ dá bírò yẹn dúró.”

Bírò dúró.

“Ọ̀sẹ̀ kẹwàá nìyí. Aáṣáà ni. Ọdún mọ́kànlá, ìgbà márùn-ún lójúmọ́. Ibi tí egbò yẹn wà gan-an ni mò ń fi sí.”

Dókítà fa ìlà lé ohun tó ti kọ. “Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́, Màmá. Mi ò mọ ohun tó jẹ́ o, ẹ má rò ó jù. Àmọ́ òní la máa gé e.” Ó bọ́ sí yàrá inú lọ múra sílẹ̀.

Ó ku àwọn méjèèjì.

“Ọdún mọ́kànlá,” ni ọmọ rẹ̀ wí.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ ti ń lò ó nígbà tí mo mú un wálé.”

“Mo ti ń lò ó.”

“Ẹ sì ní ẹlẹ́nu tábà ni.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

Ọmọ náà ń wo bàtà ara rẹ̀. “Ó ti bímọ méjì báyìí.”

“Mo gbọ́.”

“Ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀ mí.”

“Ẹ̀bẹ̀ wo ni mo fẹ́ bẹ̀ tó máa tó o?”

“Ẹ bẹ̀ mí ná. Ẹ jẹ́ kí n mọ̀ bóyá ó tó.”

“Má bínú, ọmọ mi. Mo ṣe ọ́ níbi.”

“Mo máa bínú, Màmi. Mo máa jókòó síbí títí tẹ́ ẹ fi máa jáde, mo máa mú yín délé, àmọ́ mo máa bínú.”

“Ó tọ́ sí ọ.”

Nọ́ọ̀sì yọjú. “Màmá, ó yá o.”

Màmá Píìnì di apá àga mú, ó dìde, ó fa yẹ̀rì rẹ̀ wálẹ̀ dáadáa, ó sì wọlé lọ.