Yàrá Àdúrà Tí Bàbá Mi Gbẹ́ Sínú Àpáta

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún èémí tí mo fi ń kọ èyí. Ọ̀pọ̀ ló jí láàárọ̀ tí kò rí i mí dáadáa. Bàbá mi wà lára wọn kí ó tó lọ.

Ìlú Ẹ̀fọ̀n ni ilé wa wà, ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti òkè. Alàgbà ìjọ ni bàbá mi. Nígbà tó ń kọ́lé, ó ní kí àwọn bírìkìlà gbẹ́ wọnú àpáta lẹ́yìn, kí wọ́n fi ṣe yàrá àdúrà. Kò gbà kí wọ́n yọ fèrèsé sí i, ó ní ariwo ayé kò gbọ́dọ̀ bá òun wọlé. Kò da sìmẹ́ńtì sílẹ̀ ibẹ̀ pàápàá. Ó ní orí òkúta lásán ló yẹ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ máa dojú bolẹ̀ sí. Bó bá ń gbààwẹ̀, ibẹ̀ náà ló ń sùn.

Ikọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tẹ̀ lé e. Dókítà ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ni, ó sì ń bi í léraléra bóyá ó ti mu sìgá rí. Ọ̀rọ̀ yẹn délé ṣáájú wa. Nínú ìjọ, wọ́n ń sọ lábẹ́lẹ̀ pé ohun tí Alàgbà ń ṣe nínú yàrá tí kò ní fèrèsé ti hàn wàyí. Arákùnrin kan tilẹ̀ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ṣé tùràrí nìkan ni wọ́n ń sun níbẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi bá mi sọ gbẹ̀yìn ni pé, "Sọ fún wọn pé n kò mu ún rí."

Mo sọ. Wọn kò gbà.

Lẹ́yìn ìsìnkú, màmá mi kó ẹní rẹ̀ lọ sínú yàrá náà. Lọ́dún tó kọjá, àwọn kan wá láti yunifásítì, wọ́n ń gbé ẹ̀rọ kékeré kan tó ń yẹ afẹ́fẹ́ wò sínú ilé àwọn èèyàn. Mo ní kí wọ́n gbé ọ̀kan síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wá mú un, wọ́n ní gáàsì kan tí wọ́n ń pè ní rádọ́ọ̀nù ti pọ̀ jù níbẹ̀. Inú òkúta àti ilẹ̀ ló ti ń jáde, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Níta, afẹ́fẹ́ a gbé e lọ. Nínú yàrá tó pa dé, ṣe ló ń kó jọ. Ẹni tó bá ń mí i sínú fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ní jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró.

Mo bẹ màmá mi pé kó jáde, ká lu fèrèsé sára ògiri. Ó ní gáàsì wo, nígbà tó jẹ́ igi lòun fi ń dáná? Ó ní Ọlọ́run tó ń ti abẹ́ ilẹ̀ fún wọn lómi gbígbóná ní Ìkógòsì kò ní fi ikú síbẹ̀ fún wa.

Mo wá sọ fún un pé gáàsì yìí máa ń pa ẹni tí kò fọwọ́ kan sìgá rí pàápàá.

Ó bi mí pé, "Ṣé ẹ̀rọ yẹn lè sọ fún ìjọ pé bàbá rẹ kò mu sìgá?"

"Kò lè búra, Màmá. Ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ ohun tó pa Bàbá nìyẹn."

Ó wọlé lọ, ó ká ẹní rẹ̀, ó gbé e jáde. "Ẹ lu ú."

Afẹ́fẹ́ ti ń gba ibẹ̀ kọjá báyìí, a sì ti fi sìmẹ́ńtì dí ilẹ̀. Màmá mi pe àwọn alàgbà wá wò ó. Wọ́n mi orí. Kò sẹ́ni tó dárúkọ sìgá.

Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ikọ́ gbígbẹ kan ti mú Màmá. Wọ́n ti ya àwòrán àyà rẹ̀, èsì rẹ̀ là ń retí. Bó bá húkọ́ tán, á ní, "Ọpẹ́ ni." Èmi a ní, "Àmín."

Ẹ̀yin tí ẹ ka èyí, kí Olúwa má ṣe jẹ́ kí ilé tí ẹ fi òógùn yín kọ́ gba èémí lẹ́nu yín. Kí ó fún yín lọ́wọ́ tó yá láti ṣí fèrèsé, nígbà tí ṣíṣí rẹ̀ ṣì lè gbà yín.