Ojú Tí Wọ́n Fọ̀ Funfun

Ọdún mọ́kànlá ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti ń tún fọ́tò ṣe nínú yàrá kan tí kò lè gba bẹ́ẹ̀dì méjì. Òun fúnra rẹ̀ ló kun ògiri ibẹ̀ ní àwọ̀ eérú. Òun ló ra gílóòbù tó wà lókè, torí èyí tí ọ̀gá rẹ̀ fi síbẹ̀ pọ́n jù. Aṣọ eérú ló sì ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àbámẹ́ta, nítorí pé bùláòsì pupa máa ń tàn sójú kọ̀ǹpútà, ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò sì máa yọ pupa kúrò lára fọ́tò tí kò ní pupa lára. Àwọn ará àdúgbò ò mọ èyí. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ọkọ rẹ̀ ló kú. Nígbà tí wọ́n rí ọkọ náà tó ń ra búrẹ́dì, wọ́n sọ ẹ̀gbọ́n mi ní Eléérú.

"Eléérú, ta ló tún kú lónìí?" ni télọ̀ òdìkejì ọ̀nà máa ń bi í.

"Ó ku ẹni tó ń béèrè," ni yóò fèsì, yóò sì kọjá.

Iṣẹ́ rẹ̀ kò ṣòro láti lóye. Kọ̀ǹpútà kò mọ àwọ̀. Nọ́ńbà ló mọ̀: pupa mélòó, àwọ̀ ewé mélòó, búlúù mélòó. Nọ́ńbà kan náà lè jẹ́ àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ kan, kó jẹ́ àwọ̀ tòmátì lórí òmíràn. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò fi ń ní profáìlì, ìyẹn ìwé kékeré kan tó ń bá fáìlì rìn, tó ń sọ fún ẹ̀rọ tó bá gbà á pé, nígbà tí mo bá pe nọ́ńbà yìí, àwọ̀ báyìí ni mo ní lọ́kàn. Ojú kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní tirẹ̀, bébà kọ̀ọ̀kan ní tirẹ̀. Àyè iṣẹ́ tí fọ́tò wà nígbà tí a ń tún un ṣe náà ní tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi máa ń yan èyí tó fẹ̀ dáadáa kí àwọ̀ kankan má baà sọnù lọ́nà, tó bá wá parí, yóò yí i padà sí èyí tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè gbé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún méjìlá lè kọ́ ọ lọ́sẹ̀ kan. Ọ̀gá rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún.

Nọ́ọ̀sì Àgbà, obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì, ló gbé iṣẹ́ náà wá. Fọ́tò ọmọ tuntun mẹ́fà ni, fóònù ló fi yà wọ́n nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Mẹ́ta nínú wọn ní ibà pọ́njú, àìsàn tó máa ń sọ funfun ojú ọmọ di yẹ́lò bí ìyeyè, tó sì lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́ bí wọ́n bá fi falẹ̀. Mẹ́ta yòókù kò ní nǹkan kan. Ó fẹ́ kí wọ́n tò wọ́n ní méjì-méjì sórí ìwé ńlá kan tí àwọn agbẹ̀bí yóò lẹ̀ mọ́ ògiri. Lábẹ́ ọmọ àkọ́kọ́: "Èyí dára." Lábẹ́ ìkejì: "Gbé èyí wá kíákíá." Irinwó ẹ̀dà ló fẹ́. Ọjọ́bọ̀ ni àwọn agbẹ̀bí ìletò mẹ́tàlélógún yóò wá gbà á ní ilé ìwòsàn, wọn kò sì ní pàdé mọ́ títí ọdún yóò fi yí po.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ìyá wa ṣubú, ẹ̀gbọ́n mi sì gba ààyè ọjọ́ méjì láti tọ́jú rẹ̀. Láàárín ọjọ́ méjì yẹn, ọ̀gá ra bébà fọ́tò tuntun nítorí pé owó rẹ̀ kò wọ́n. Bébà náà pọ́n bíi wàrà tó ti pẹ́. Gbogbo fọ́tò tó tẹ̀ sórí rẹ̀ jáde ní yẹ́lò, àwọn oníbàárà sì ń ráhùn pé ohun tí wọ́n rí lójú kọ̀ǹpútà kọ́ nìyí. Ẹni tó lórí á ti yẹ bébà wò. Ọ̀gá fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá. Ó gbé fọ́tò kan tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, ó ń tẹ bọ́tìnnì abẹ́ kọ̀ǹpútà títí kọ̀ǹpútà náà fi di yẹ́lò bíi fọ́tò. Àwọn méjèèjì bára mu. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ̀rọ kékeré tó ń wọn àwọ̀, èyí tí ẹ̀gbọ́n mi máa ń so mọ́ ojú kọ̀ǹpútà láràárọ̀ Ajé, ọ̀gá ti fi yá ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi dé, ó ṣí fọ́tò àwọn ọmọ náà. Aṣọ funfun tí wọ́n tẹ́ wọn sí kò funfun lójú rẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹnì kan fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí?"

"Ta ló máa fọwọ́ kàn án? Ìwọ nìkan lo mọ̀wé ẹ̀. Jọ̀ọ́, ṣe kíá, Màmá Nọ́ọ̀sì ti ń pè."

Nọ́ńbà sọ pé aṣọ náà funfun. Ojú rẹ̀ sọ pé kò funfun. Iṣẹ́ rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni láti mọ̀ pé nọ́ńbà ni ká gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n fóònù ló ya fọ́tò, ọ̀gá dúró sí i lẹ́yìn, ẹ̀rọ ìwọn kò sì sí ńlẹ̀. Ó fa yẹ́lò náà sílẹ̀ títí aṣọ fi funfun. Yẹ́lò ojú àwọn ọmọ bá a lọ. Èmi kò ní bò ó: àṣìṣe tirẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ti ọ̀gá.

Ọ̀gá tẹ ẹ̀dà kan láti fi han Nọ́ọ̀sì Àgbà, orí bébà tó pọ́n náà ló tẹ̀ ẹ́ sí. Bébà dá yẹ́lò tí ẹ̀gbọ́n mi yọ padà. Nọ́ọ̀sì wò ó, ó ní ó dára, ó fọwọ́ sí i. Irọ́ méjì pàdé ara wọn nínú ṣọ́ọ̀bù kan, wọ́n sì jọ òtítọ́. Lẹ́yìn náà ni fáìlì lọ sọ́dọ̀ atẹ̀wé tó ń bá ṣọ́ọ̀bù náà tẹ iṣẹ́ ńlá, tí bébà tirẹ̀ funfun bí ó ṣe yẹ.

Mo wà níbẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí Nọ́ọ̀sì Àgbà padà wá. Awakọ̀ rẹ̀ gbé páálí mẹ́rin tẹ̀ lé e. Ó tẹ́ ìwé kan sórí tábìlì.

"Ọmọ mi, nínú àwọn méjì yìí, èwo ló ń ṣàìsàn?"

Ojú ọmọ méjèèjì funfun bíi ṣọ́ọ̀kì.

"Ó hàn gbangba, Màmá," ni ọ̀gá wí. "Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀."

"Ìyá tó bá lè kàwé ni mo ṣe é fún?"

"Atẹ̀wé yẹn ni. Mo ti ní a ò ní kó iṣẹ́ fún un mọ́."

Ó pe atẹ̀wé, ó sì gbé ohùn fóònù síta kí gbogbo wa lè gbọ́. Atẹ̀wé náà kò tilẹ̀ bínú.

"Ọ̀gá, ohun tí ẹ fún mi ni mo tẹ̀. Profáìlì wà nínú ẹ̀, mo tẹ̀ lé e. Tẹ́ ẹ bá ní kí n tẹ òkúta, òkúta ni màá tẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi lọ sídìí kọ̀ǹpútà. Ó tẹ bọ́tìnnì abẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sì yọ. Búlúù tó yẹ kó wà ní àádọ́ta wà ní méjìdínlógún. Ó yí kọ̀ǹpútà sí ọ̀gá.

"Mo kàn tún un ṣe díẹ̀ ni," ni ọ̀gá wí. "Kó lè bá bébà mu."

"Bébà ni wọ́n ń wá profáìlì fún. Wọn kì í ba kọ̀ǹpútà jẹ́ nítorí bébà."

"Ó ti tó. Màmá, ẹ kó èyí lọ báyìí. A máa fi bírò yẹ́lò kùn ún lójú, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń wo funfun ojú gan-an?"

"Agbẹ̀bí," ni Nọ́ọ̀sì Àgbà wí. Ó jókòó. "Ọmọ tó wà lápá ọ̀tún yìí, ọjọ́ kẹfà ni wọ́n tó gbé e wá. Ìyá ọkọ ní ó kàn pupa bíi bàbá ẹ̀ ni. Etí ọmọ náà ti di báyìí. Mi ò lè kó èyí lọ, mi ò sì lè lọ lọ́wọ́ òfo."

"Màmá, kò sáàyè láti tẹ òmíràn. Ẹ ṣe sùúrù, tọ́dún tó ń bọ̀ á dáa."

Ẹ̀gbọ́n mi dìde. Ó gbé páálí àkọ́kọ́ lọ sídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà, ó to ìdì kan sábẹ́ ọ̀bẹ, ó mú etí rẹ̀ gún, bó ṣe máa ń ṣe fún iṣẹ́ gidi, ó sì fa ọwọ́ ẹ̀rọ náà wálẹ̀. Ọ̀bẹ gba àárín ojú àwọn ọmọ kọjá. Ó fi ìdì kejì sí i.

"Orí ẹ dàrú ni?" ni ọ̀gá wí. "Eléérú. Iṣẹ́ ẹ lò ń gé yẹn o."

"Mo mọ̀. Ẹ bá mi gbé páálí kejì wá."

Kò gbé e wá. Awakọ̀ Nọ́ọ̀sì ló gbé e.

Nígbà tí páálí kẹrin tán, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè kó lọ mọ́, ọ̀gá sì rí i pé òun ni obìnrin arúgbó náà ń wò. Ó gun ọ̀kadà lọ gba ẹ̀rọ ìwọn àwọ̀ padà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọn kọ̀ǹpútà, ó padà sí fọ́tò ìbẹ̀rẹ̀, kò fọwọ́ kan yẹ́lò kankan, ó yí i padà sí profáìlì bébà atẹ̀wé, ó sì gbé e lọ fúnra rẹ̀. Ó dúró ti atẹ̀wé láàárọ̀ ọjọ́rú títí ẹ̀dà àkọ́kọ́ fi jáde. Nọ́ọ̀sì Àgbà gbé e jáde sínú oòrùn, ó sún gíláàsì rẹ̀ sókè.

"Òun nìyí," ni ó wí. Ó ní kí wọ́n tẹ ìyókù.

Àwọn agbẹ̀bí gbà á lọ́jọ́bọ̀. Ọ̀gá tẹ̀ lé Nọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀, ó ń sọ fún wọn pé ṣọ́ọ̀bù òun kì í fi àwọ̀ ṣeré, òun fúnra òun ló rí àṣìṣe náà. Nígbà tó dé, ó fara ti ilẹ̀kùn yàrá eérú náà.

"Ọ̀rọ̀ yẹn ti tán nínú ẹ, àbí?"

"Ọjọ́ tí mo bi yín bóyá ẹnì kan fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yìí, kí lẹ sọ?"

"Mo gbàgbé ni."

"Ẹ ò gbàgbé."

Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣí fọ́tò mìíràn, ó ń ka nọ́ńbà rẹ̀.