Ilẹ̀kùn Àtíòro Tí Mo Fọ́

Mo ṣì kéré gan-an, ẹ̀yin àbúrò mi, nígbà tí mo máa ń tẹ̀ lé Ìyá àgbà lọ sí oko obì wọn lẹ́yìn Òde Rẹ́mọ. Ẹyẹ àtíòro pọ̀ níbẹ̀! Àwọn ńlá á máa kọjá lókè, ìyẹ́ wọn á máa hó ṣàà bí òjò tó ń bọ̀. Àwọn kékeré, dúdú tí ikùn wọn funfun, tí ẹnu wọn tẹ̀ bí dòjé, inú oko gan-an ni wọ́n ń gbé.

Lọ́jọ́ kan, mo rí ihò kan lára igi tí wọ́n fi ẹrẹ̀ dí, ó ku ojú tín-ín-rín. Ẹnu ẹyẹ yọ níbẹ̀. Mo ní, háà, ọkọ rẹ̀ ti tì í mọ́lé! Mo gbé gọ̀gọ̀ tí a fi ń ká obì, mo gún ẹrẹ̀ náà títí ó fi wó.

Ìyá àgbà sáré dé. Mo rò pé wọ́n á yìn mí ni.

“Ta ló rán ẹ níṣẹ́? Òun fúnra ẹ̀ ló ti ara ẹ̀ mọ́lé! Ó wà lórí ẹyin, ìyẹ́ ẹ̀ ti re, kò lè fò. Ọkọ ẹ̀ ló ń bọ́ ọ.”

“Mo fẹ́ gbà á sílẹ̀ ni, Mama.”

“O gbà á sílẹ̀ fún ejò. Ìwọ lo ṣílẹ̀kùn, ìwọ lo máa ṣọ́ ọ.”

Mo jókòó sídìí igi. Akọ gbé èso wá, ó rí mi, ó yí padà. Tí mo bá dúró, ebi á pa ìyá ẹyẹ. Tí mo bá lọ, ejò á dé. Mo bá sá sẹ́yìn igi obì kan, mi ò wúkọ́, èèrà ń jẹ mí, mi ò lé e. Ó padà wá! Ó fi èso sí i lẹ́nu, ó tún gbé ẹrẹ̀ wá, ìyá ẹyẹ ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ra láti inú. Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹta, ihò ti dí. Mo ké, mo fò mọ́ Ìyá àgbà lọ́rùn.

“Ó dáa. Wá bó obì.”

Ìyá àgbà ti lọ. Wọ́n ti gé igi yẹn, ilé búlọ́ọ̀kù ló wà níbẹ̀. Àwọn àtíòro ńlá, mi ò gbúròó wọn mọ́. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí, ẹ gbọ́, kékeré kan bà sórí ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé wa, ó bu ú sẹ́nu, kò gbé e mì, ó gbé e lọ! Ó ní ẹni tó ń bọ́! Mo dìde kí n tẹ̀ lé e, kí n mọ ihò náà.

Mo rántí akọ ọjọ́sí tó rí mi, tó yí padà. Mo tún jókòó.