Bí Ọkọ Àǹtí Mi Ṣe Kọ́ Mi Láti Wọlé

Ọkọ àǹtí mi kì í kí èèyàn kó tó bá a wí. Ọ̀gá ni níléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan ní Àbújá kó tó fẹ̀yìn tì, ọ̀pọ̀ ọdún ló sì fi jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá òṣìṣẹ́ lẹ́nu wò. Nígbà tí mo parí àgùnbánirọ̀, tí mo kó ẹrù mi wá sílé wọn ní Karu láti wáṣẹ́, tọwọ́tẹsẹ̀ ni àbúrò màmá mi fi gbà mí. Ọkọ rẹ̀ gbà mí bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù ẹlẹ́rù kà lórí. Dádì ni gbogbo ilé ń pè é. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà máa ń korò lẹ́nu mi.

Lọ́jọ́ tí iléeṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ sólà ní Jahi pè mí fún íntáfíù, mo pariwo ayọ̀ nínú kíṣìnì. Ariwo yẹn ló fa Dádì jáde ní yàrá.

"Iṣẹ́ kí ni?"

"Ẹni tí yóò máa dá àwọn oníbàárà lóhùn ni wọ́n ń wá, sà."

"Ìwọ? Ìwọ tí o kò lè dá èmi lóhùn láìfajú ro?"

Àǹtí mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ yọ̀ ná."

"Kí ló ń yọ̀ sí? Ṣé wọ́n ti gbà á ni?" Ó yíjú sí mi. "Lọ wọ aṣọ tí o fẹ́ wọ̀ lọ, kó o wá bá mi ní pálọ̀."

Búláòsì funfun ni mo wọ̀, pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì dúdú, mo sì gbé kóòtù àǹtí mi lé e. Àǹtí sanra jù mí lọ díẹ̀. Dádì wò mí látòkè délẹ̀, ó sì mi orí.

"Ṣòkòtò àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn. Kóòtù àgbàbọ̀ ńkọ́? Wo èjìká rẹ. Ó dà bí aṣọ tí wọ́n sá sórí igi."

Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó jókòó sórí àga ńlá tí ẹlòmíì kì í jókòó lé, ó ní kí n bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí n kan ilẹ̀kùn, kí n wọlé. Mo wọlé.

"O jókòó kí n tó ní kó o jókòó. Jáde."

Mo tún wọlé.

"Ò ń wolẹ̀ bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọ nù. Jáde."

Mo tún wọlé, mo fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín? Ṣé mo jọ aláwàdà ni? Jáde!"

Ojoojúmọ́ la ń ṣe é títí ọjọ́ íntáfíù fi kù sí dẹ̀dẹ̀. Tí mo bá sì fi lanu sọ̀rọ̀, á ní ohùn Kàbbà ìlú wa ń yọ nínú Gẹ̀ẹ́sì mi, pé tí mo bá ń sọ ọ́ báyẹn, wọ́n á rò pé mo wá tajà ni. Nígbà tí mo bá wà lọ́dẹ̀dẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì, mo máa ń ṣépè fún un lábẹ́ ètè. Àǹtí gbọ́ mi lọ́jọ́ kan. Ó fa ọwọ́ mi, ó sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Fara dà á. Ó mọ ohun tó ń ṣe."

"Àǹtí, kò mọ̀ ju kó máa fi ojú èèyàn gbolẹ̀ lọ."

Àǹtí fi ọwọ́ mi sílẹ̀. Ó nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ìró, ó padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí íntáfíù ku ọ̀la, Dádì pè mí. Ó ní, "Ọ̀kan nínú àwọn tó máa bi ọ́ léèrè, abẹ́ mi ló ti ṣiṣẹ́ rí kó tó lọ síbẹ̀. Wá àyè kan, kó o sọ fún un pé ilé mi lò ń gbé. Dárúkọ mi. Á mọ̀ pé ọmọ ilé àgbà ni ọ́."

"Sà, mi ò fẹ́ fi orúkọ ẹnikẹ́ni gba iṣẹ́."

"O kò fẹ́? Oúnjẹ mi ńkọ́? Ṣé o fẹ́ ìyẹn?"

Àǹtí mi wà níbẹ̀. Ó wolẹ̀. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ yẹn dùn mí ju gbogbo ìjáde àti ìwọlé tó ti fi mí ṣe lọ.

Ọyẹ́ ti mú lásìkò náà, eruku sì wà níbi gbogbo. Sílípáàsì ni mo wọ̀ jáde, mo fi bàtà mi sínú náílọ̀nù, mo ká kóòtù sórí itan nínú takisí kó má bàa rún. Sún kẹrẹ fà kẹrẹ ojú títì Nyanya mú wa mọ́lẹ̀, awakọ̀ ń bú àwọn ọlọ́kọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀, obìnrin kan lẹ́yìn ń bú awakọ̀. Nígbà tí mo dé Jahi, mègádì iléeṣẹ́ náà kí mi, "Sànnu, madam." Mo ní, "Yauwa." Ó sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ kí n lè pààrọ̀ bàtà. Mi ò rí ẹlòmíì tó yẹ́ mi sí lọ́jọ́ yẹn.

Nínú yàrá tí a ti ń dúró, ẹ̀rọ amúlétutù ń fẹ́ bí ẹni tó ń jà. Mo kí ọmọbìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wò mí, ó gbé báàgì rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Olúkúlùkù ń wo ẹnìkejì rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ já nǹkan gbà lọ́wọ́ òun.

Wọ́n pè mí. Àwọn mẹ́ta ló jókòó: obìnrin Hausa kan tó wọ híjáàbù wà láàárín, ọ̀dọ́kùnrin kan pẹ̀lú kọ̀ǹpútà, àti bàbá kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun. Bí mo ṣe rí bàbá yìí ni mo mọ̀ pé òun ni Dádì wí. Mo wọlé bí wọ́n ṣe kọ́ mi, mo sì dúró títí wọ́n fi ní kí n jókòó. Gẹ̀ẹ́sì la ń sọ. Obìnrin náà béèrè ohun tí mo máa ṣe bí oníbàárà bá wá ń pariwo pé bátìrì tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rà ti kú. Mo ní màá jẹ́ kó pariwo tán ná, torí pé ẹni tí wọ́n já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ lẹ́nu á tún un bẹ̀rẹ̀ látòkè ni. Lẹ́yìn náà ni màá béèrè ẹni tó bá a so ó mọ́ ilé, àti irú ẹ̀rọ tó ń fi iná rẹ̀ lò. Ó mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà tẹ́ lọ́rùn, ó kọ nǹkan sílẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Bàbá onírùngbọ̀n wá béèrè ẹni tí mò ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Àbújá. Mo rántí ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Mo dárúkọ Dádì.

Bírò rẹ̀ dúró lórí ìwé. Ó bọ́ sínú Yorùbá.

"Ta lo pè yẹn?"

Mo tún un sọ.

"Ọmọ rẹ̀ ni ọ́?"

"Rárá, sà. Àbúrò màmá mi ló fẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Ọkùnrin yẹn ló jókòó síwájú mi nígbà tí mo lọ ṣe íntáfíù ìgbéga. Ó ní mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé. Ó ní kí n jáde, kí n tún wọlé, lójú àwọn ọmọ tí mo kọ́ níṣẹ́. Ó ṣe é títí wọ́n fi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kò sì jẹ́ kí n gba ìgbéga náà."

Obìnrin oníhíjáàbù, tí kò gbọ́ Yorùbá, wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Kai, kí lẹ ń sọ?"

"Mò ń kí i ni," ó dá a lóhùn ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó tún yí padà sí mi, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Dìde. Jáde. Kan ilẹ̀kùn, kó o wọlé bó ṣe kọ́ ọ."

Mo dìde, mo jáde. Àwọn tó wà níta rò pé mo ti ṣe tán, ọmọbìnrin báàgì ti ń tún wíìgì rẹ̀ ṣe. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. Mo lè gba ẹnu ọ̀nà lọ, kí n má padà. Kì í ṣe ìgboyà ló dá mi dúró, ìbínú ni. Mi ò kan ilẹ̀kùn. Mo wọlé, mo jókòó láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní kí n jókòó, mo sì fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Sà, èmi kọ́ ni mo ṣẹ̀ yín. Tẹ́ ẹ bá ní ìbéèrè nípa iṣẹ́, mo wà níbí. Tó bá jẹ́ ọkùnrin yẹn lẹ fẹ́ bá jà, ó wà nílé ní Karu, kò sì níṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹ lè lọ bá a."

Ọ̀dọ́kùnrin oníkọ̀ǹpútà fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Obìnrin náà kọjú sí bàbá, ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Bàbá náà ń yí bírò rẹ̀ lọ́wọ́. Obìnrin náà tún bi mí ní ìbéèrè kan, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo rí ojú bàbá yẹn bí mo ṣe ń dìde, mo sì mọ̀ pé ó ti parí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé àwọn ti mú ẹlòmíì.

Dádì ń retí mi ní pálọ̀. "Ṣé o dárúkọ mi?"

Mo ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan bò. Mo rò pé ojú á tì í. Ó kàn fọwọ́ ra àgbọ̀n ni.

"Àá, òun. Lóòótọ́, ọmọ yẹn kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọlé."

"Dádì, nítorí yín ni wọ́n ṣe lé mi jáde."

"Nítorí ẹnu rẹ ni."

Àǹtí mi yọ láti kíṣìnì. Mi ò gbọ́ kó gbé ohùn sókè sí i rí. "Ẹ bẹ ọmọ yìí!"

Dádì wò ó bí ẹni pé àga ló lanu sọ̀rọ̀. "Kí n bẹ ta?"

"Ó dáa," Àǹtí wí. Ó wọ yàrá wọn, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, mo ti kó lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi kan ní Nyanya, nínú yàrá kan ṣoṣo tí ooru rẹ̀ kì í jáde. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi rí iṣẹ́ lọ́dọ̀ obìnrin Ìlọrin kan tó ń ta kọ́tìnì ní Wuse. Orí ìdúró la ti ṣe íntáfíù tiwa, láàárín àwọn aṣọ tí wọ́n ká jọ. Ó béèrè ìwà mi tí kò dáa. Mo ní mo máa ń tètè bínú.

"Èmi náà," ó wí. "Tí àwa méjèèjì bá wá jọ bínú, ta ló máa bẹ oníbàárà?"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ rántí pé a ò tíì gbowó, mà."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.

Àǹtí mi máa ń pè mí. Dádì kò pè mí rí. A pàdé níbi ìsìnkú ìbátan wa kan ní Kàbbà. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó béèrè ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sọ fún un.

"Aṣọ fèrèsé?" ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Mo dìde, mo gbọn erùpẹ̀ orúnkún mi dànù, mo lọ wá àǹtí mi.