Fíláàṣì Tí Àjàní Nìkan Lè Ṣí

Jósáyà Àjàní, ọmọ Ìjẹ̀ṣà òṣèré, ọmọ ẹlẹ́ní ẹwẹlẹ, ọmọ Ọwá tí í múná láti ilé re oko. Àjàní ọkọ Àbẹ̀kẹ́, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣèlú wa. Ó ti lọ. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí pé kí ló dé tí a kò fi mú ẹ̀rí lọ sílé ẹjọ́ lẹ́yìn ìbò tó kọjá yìí, ẹ jókòó.

Lọ́jọ́ ìbò náà, àwọn tọ́ọ̀gì lé àwọn àgbẹ̀ kòkó kúrò lórí ìlà ní abúlé kan lẹ́yìn Iléṣà, wọ́n sì gbé àpótí ìbò lọ. Àjàní fi fóònù gba ohùn àwọn àgbẹ̀ náà sílẹ̀, pẹ̀lú àwòrán ojú wọn. Ó kó gbogbo rẹ̀ sínú fíláàṣì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, ó pa á rẹ́ lórí fóònù, ó wá bá mi ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo.

"Bísí ọmọ mi ti bá mi tì í pa," ló wí. "Ẹni tí kò bá mọ pásíwọ́ọ̀dù, ọ̀rọ̀ àṣírí tí mo fi tì í, bó gbé e dé ìlú òyìnbó, kò lè ṣí i. Bó bá sì ń méfò ṣáá, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ á pa rẹ́."

"Ta ló tún mọ̀ ọ́n?"

"Èmi nìkan. Bísí gan-an, mo ní kó kọjú sí ògiri kí n tó tẹ̀ ẹ́."

"Àjàní, tọ́ọ̀gì tí kò lè ka orúkọ ara ẹ̀ lo ń tìlẹ̀kùn mọ́? Àpò nìyẹn máa já gbà, á ju fíláàṣì sí gọ́tà. Ṣe ẹ̀dà kan, kó o sì sọ ọ̀rọ̀ náà fún mi."

"Bí wọ́n bá wá fi ìgbájú bi ọ́ léèrè ńkọ́?"

"Kíá ni màá sọ ọ́. Eyín mélòó ló kù lẹ́nu mi?"

A rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí ojú àwọn àgbẹ̀ yẹn bá bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó rán tọ́ọ̀gì, wọ́n lè dáná sun oko wọn. Mo gbà fún un. Bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani: a ro ti olè, a ro ti ọlọ́pàá, a kò ro ti ẹ̀jẹ̀ ríru.

Kí ìgbẹ́jọ́ tó dé, Àjàní ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù n'Íléṣà. Ọ̀rọ̀ ṣì ń jáde lẹ́nu rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lọ́yà wa ní kí n lọ bi í. Bí mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ etí rẹ̀ ni Àbẹ̀kẹ́ fa agbádá mi.

"Bàbá Síkírá, kí lẹ fẹ́ gbà lẹ́nu ẹ̀? Ṣé ogún lẹ wá pín ni? Ọkọ mi kò ní kú o."

"Ìyá Bísí, kò ní kú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni."

"Á sọ ọ́ fún yín tó bá dìde."

Nílẹ̀ wa, a kì í bi aláìsàn ní ohun tó fi pamọ́; àfi bíi pé èèyàn ń gbẹ́ sàréè dè é. Mo ṣe àmín, mo jókòó. Àjàní ń wò mí, èmi náà ń wò ó. Kò dìde mọ́.

Wọn kò fọwọ́ kan àgbẹ̀ kankan, oko wọn kò jó. Ìyẹn la rí jẹ. Ìbò náà lọ. Ohùn tí wọ́n fà lé wa lọ́wọ́, ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ ọ. Gbèsè wọn ṣì wà lọ́rùn wa. Ẹ tì í bí ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹnì kejì mọ̀ ọ́n nígbà tí ara yín ṣì le.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n da ẹjọ́ náà nù. Ọjọ́ yẹn náà la sin Àjàní sí ilé bàbá rẹ̀ n'Íwaraja.