Ṣé Ẹ Mọ Ẹni Yìí?

Òórùn òróró gbígbóná àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ló gba gbogbo ilé ìdáná wa ní Festac lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìpékeré ni mò ń dín, èyí tí mo máa ń dì sínú ọ̀rá fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù àdúgbò. Oje ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti sọ ìka mi di dúdú nígbà tí fóònù dún. Áàpù iléèwé ọmọ mi ni. Àwòrán ìyá àgbàlagbà kan yọ, ó wé gèlè funfun, ó ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu géètì. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: "Ẹni yìí wá mú ọmọ yín. Ṣé ẹ mọ ẹni yìí?"

N kò rí i rí.

Kí n sọ òótọ́, n kò fẹ́ràn áàpù yẹn níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá iléèwé ní kí gbogbo wa gbé e sórí fóònù, mo bi í pé kí ló fẹ́ fi àwòrán wa ṣe. Èkó nìyí o. Ó ní ọmọ òun obìnrin ló ṣe é, pé ọmọ òun yẹn náà ń tọ́mọ lọ́wọ́. Ìbéèrè kan péré ni, àti bọ́tìnì méjì. "Mi ò mọ̀ ọ́n" tóbi, kí o ṣáà fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n "Mo mọ̀ ọ́n," àfi kí o tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí àwọ̀ ewé yóò fi kún inú rẹ̀. Mo ti bú u rí pé ó ń fi àkókò ṣòfò. Ọjọ́ yẹn ni mo rí i pé ẹni tó ṣe é mọ̀ pé ọwọ́ ìyá ọmọ kì í gbẹ, ìka tó ń yọ̀ sì lè ṣèèṣì fi ọmọ ta ènìyàn lọ́rẹ.

Mo pe ọkọ mi ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Trade Fair, fóònù rẹ̀ ti kú. Mo pe olùkọ́.

"Mọ́mì, wọ́n ní àwọn làwọn tọ́ Dádì ọmọ yín dàgbà. Wọ́n mà mọ oríkì ọmọ yín o."

Ta ni kò lè béèrè oríkì ọmọ lọ́wọ́ ọmọ fúnra rẹ̀? Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Àgbàlagbà tó ní ẹbí ọkọ lòun, ta ló máa wò ó lójú pé rárá? Ká ní áàpù náà bi mí pé ṣé kó máa mú un lọ ni, ìtìjú lè mú mi gbà. Ohun tí mo mọ̀ ló bi mí. Mo tẹ "Mi ò mọ̀ ọ́n," mo pa iná gáàsì, mo sáré.

Mo bá màmá náà lórí àga lábẹ́ ibòòji, láàárín géètì àti kíláàsì ọmọ mi, ife omi lọ́wọ́ rẹ̀. Olùkọ́ nìkan ló rí ìdáhùn mi, ó sì ti rọra ní kí Màmá sinmi títí ìyá ọmọ yóò fi dé.

"Ìyàwó wa, àbí ọlọ́pàá wa?" ló fi kí mi. "Mo ti Ìjẹ̀bú wá, ẹ fi mí jókòó sẹ́nu géètì bí ẹni wá tọrọ bárà!"

"Ẹ kú ìrìn, mà. Ẹ má bínú, mà."

Mo kúnlẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà kíláàsì ọmọ mi ni mo kúnlẹ̀ dí.

Ọkọ mi padà pè nígbà tó ríná fi sí fóònù, mo sì ròyìn màmá náà fún un. "Yéè! Àǹtí mi tí kò lè wá síbi ìgbéyàwó wa ni! Mo fẹ́ sọ fún ẹ láàárọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá mú ọmọ, mo gbàgbé. Gbé e fún wọn."

"Ìwọ ọmọ yìí, orí ẹ ò pé!" ni wọ́n fi dá a lóhùn, mo sì gbọ́ tí ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ìgbà yẹn ni mo tó dìde lẹ́nu ọ̀nà.

Ojú Àǹtí kò tètè tú ká. Títí dòní, bí wọ́n bá pè, wọ́n á bi mí pé ṣé mo ti mọ àwọn báyìí. Mo máa ń bẹ̀ wọ́n, n kò sì kábàámọ̀. Ìfura ti wà nínú mi tẹ́lẹ̀. Áàpù kékeré yẹn ló bá mi wá ọ̀nà tí kò fi di ìwọ̀sí.

Níbi tí mo ti ń wẹ ọmọ mi nírọ̀lẹ́, ó bi mí pé, "Mọ́mì, ṣé màmá yẹn burú ni?"

Mo ní, "Rárá o, wọ́n dáa gan-an. Mi ò tíì mọ̀ wọ́n ni. Ẹni tá ò mọ̀ lè dáa, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ká kọ́kọ́ mọ̀ wọ́n ná, ká tó bá wọn lọ."